Àmù Ìyá Mi Ò Ní Ìdérí Mọ́

Iṣẹ́ ẹja ni mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Kí n tó ra ẹja, màá tẹ̀ ẹ́ nínú, màá wo ojú rẹ̀, màá gbé e súnmọ́ imú, lẹ́yìn náà ni màá wá bi ẹni tó ń tà á léèrè ìgbà tí wọ́n pa á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́. Ojú òun náà ni mo fẹ́ wò. Àwọn tí a jọ ń ná ọjà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí málékà bá gbé ẹja sọ̀ kalẹ̀ fún mi láti ọ̀run, n ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú ná. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, nítorí mi ò mọ ìgbà tó ti kúrò lọ́run.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ara fi fu mí nígbà tí ìyá mi gbà, láìjanpata, pé ká ta ilé òun.

Ìkòròdú ni ilé náà wà, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Òun àti bàbá mi ló jọ kọ́ ọ. Bàbá mi ló wá owó búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí ìyá mi ń tà ni wọ́n fi ra páànù tó bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí òjò bá ń rọ̀ tí gbogbo wa wà ní pálọ̀, á gbójú sókè, á ní, "Ẹ gbọ́ bí kẹrosíìnì mi ṣe ń pariwo." Nígbà tí bàbá mi kú, tí àwa ọmọ sì ti tú ká, ó ku Màámi nìkan nínú ilé náà, òun àti ayálégbé kan, obìnrin ará Ọ̀ṣun tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn ni Màámi ṣubú nínú balùwẹ̀. Kò kán lẹ́sẹ̀, kò rọ́ lápá, àmọ́ ayálégbé ló gbé e dìde. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní ìgboro Èkó. Ó pè mí, a sọ ọ́ síwájú, a sọ ọ́ sẹ́yìn, a sì fẹnu kò sí i pé ká ta ilé náà, kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n kúkú bí i sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lòun máa sọ fún un. Mo ti ń gbára dì fún ogun. Kò pẹ́ rárá tó fi pè mí padà.

"Màámi ní ó dáa."

"Ó dáa, kí ni?"

"Ó dáa, ẹ ṣeun. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn."

Ìyá mi! Ẹni tó máa ń ná ọsàn títí ọlọ́sàn á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́! Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé nǹkan kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní iṣẹ́ ẹja ti bà mí lórí jẹ́.

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé náà tún wá dá kún un. Ó wá, ó wò ó lóréfèé, ó yin ògiri, ó yin kànga, ó yin igi àgbọn tí kò so rí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti gbìn ín. Kò ná an. Èmi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan tí á máa yìn ín lójú ẹni tó ń tà á. Ó kàn ní òun á mú ẹnjiníà òun wá yẹ ilé náà wò kí òun tó sanwó, ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹnjiníà rẹ̀ á dé, á ní ògiri ti sán, á ní ìpìlẹ̀ ti jìn, wọ́n á sì gba ilé lọ́wọ́ wa ní ọ̀pọ̀. Mo ní rárá o. Àwa náà á kọ́kọ́ mú ẹni tiwa wá yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ká lè mọ ohun tí à ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà bẹ́ẹ̀, mo sì wá ẹnjiníà kan ní Ẹ̀pẹ́, àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí ilé kíkọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí kí n sọ̀rọ̀ àmù. Bí kẹ́ẹ̀gì àti fíríìjì ṣe pọ̀ tó lóde, àmù amọ̀ ni Màámi ṣì fi ń tọ́jú omi mímu, ìdérí rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ ju ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ bu omi lọ. Bí o bá gbàgbé tí o ò dé e, wàá gbọ́ ìtàn wolé-wolé, ì báà jẹ́ àná lo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Wolé-wolé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ayé àtijọ́ tó ń wọ ilé kiri láti wò ó bóyá ó mọ́. Nígbà tí Màámi wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á dé tàwọn ti ṣòkòtò kákí péńpé, wọ́n á ki ife bọ inú àmù, wọ́n á da omi rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Bí tanwíji bá ń jó nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń dàgbà di ẹ̀fọn, onílé gba sámọ́ǹsì nìyẹn, ó di kóòtù. Àwọn kan á ti so adìẹ sílẹ̀ dè wọ́n, kí ojú wọn lè fo tanwíji. Ìyá ìyá Màámi kò ní adìẹ. Ó gba sámọ́ǹsì, ó wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó sì lọ jẹ́jọ́.

Adájọ́ bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ìyá àgbà dìde dúró, ó ní òun ní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí tanwíji, ó gba orí ewúrẹ́ aládùúgbò kọjá, ó dé orí ọkọ rẹ̀ tí kò ra gèlè kan fún un mọ́ láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó kékeré wọlé. Màámi máa ń sọ pé adájọ́ ò dá a lẹ́kun, pé ńṣe ló fọwọ́ lẹ́rán tó ń gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó lọ fọ àmù rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàbá àgbà ti ra gèlè. Gbogbo àwa ọmọ la mọ ìtàn náà lórí, ibi tí gèlè bá ti dé la sì ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Àárín ọjà ẹja ni mo wà nígbà tí mo pe Màámi láti sọ fún un pé ẹnjiníà ń bọ̀. Ariwo pọ̀, káàdì inú fóònù mi sì ń tán lọ.

"Màámi, ẹnì kan ń bọ̀ wá wo ilé o!"

"Ta ni?"

"Ẹni tó máa ń wo ilé ni. Iṣẹ́ wọn nìyẹn."

"Wolé-wolé?"

"Ẹ̀hẹ́n, Màámi, wolé-wolé ni. Lọ́jọ́bọ̀."

"Wọ́n ṣì wà?"

Kí n tó dáhùn, káàdì ti tán. Nígbà tí mo fi máa padà dé ìdí ẹja mi, mo ti gbàgbé ohun tí a sọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, èmi àti ẹnjiníà wọ mọ́tò ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní òòlù kékeré kan àti tọ́ọ̀ṣì nínú báàgì rẹ̀. A ò tíì kọjá Agbowa tí fóònù rẹ̀ fi dún. "Mo ti wà lọ́nà," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, mo mọ ohun tí màá sọ." Mo yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Báwo ló ṣe mọ ohun tó máa sọ nípa ilé tí kò tíì fojú rí? Gbogbo àpárá tó ń dá láti ibẹ̀ títí a fi dé Benson, mi ò fi ẹnu sí ọ̀kankan.

A wọ ẹnu géètì, mo dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé a ṣi ilé wọ̀. Ewé ti dí gọ́tà pa. Àwọn ògbólógbòó táyà tí bàbá mi kó sẹ́yìn kànga ti dé iwájú ilé, omi òjò sì kún inú wọn. Agolo mílíìkì wà káàkiri, olúkúlùkù pẹ̀lú omi tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, níbi tí àlejò kankan ò ti lè ṣàì rí i, àmù wà níbẹ̀, kò ní ìdérí. Mo yọjú sínú rẹ̀. Tanwíji ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé ọdún ni wọ́n ń ṣe.

"Àsítágífúrù," mo ní.

Màámi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ tó fi ń lọ yídì ló wọ̀, ó wé gèlè, ó wọ bàtà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Mo tẹjú mọ́ ọn bí mo ṣe ń tẹjú mọ́ ẹja, àmọ́ ojú rẹ̀ ń dán, ó sì mọ́ kedere.

"Màámi, ibo lẹ ń lọ?"

"Kò síbì kan. Bó bá di pé ká lọ, ká máa lọ."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ọjọ́ ogbó ti ń da orí rẹ̀ rú, ó sì dùn mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ayálégbé tó ń yọjú láti ẹ̀yìn, inú ló bí mi dípò ẹkún. Mo fà á sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé yìí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí báyẹn. Màmá ló to gbogbo ẹ̀ o. Láti Mọ́ńdè! Mo ní kí n bá wọn da omi yẹn nù, wọ́n ní tí mo bá fọwọ́ kan àmù yẹn pẹ́nrẹ́n, àwọn á lé mi jáde."

Irọ́ ni, mo ní lọ́kàn mi. Ìyá mi tí kò lè rí ewé kan nílẹ̀ kó má ṣà á? Ọkùnrin tó yin igi àgbọn yẹn ti bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Ó ti ṣèlérí fún un pé kò ní lé e, kó sá bá òun ba ojú ilé náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn mi tààrà, kò ku ibì kankan.

Obìnrin náà lọ gbé mínírà tútù kan wá fún ẹnjiníà, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí i. Kí ó tó gbà á, Màámi ti pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Gbé e padà! Má fún wọn ní nǹkankan! Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n wá ṣe!"

Ọwọ́ ẹnjiníà dúró lófuurufú. Èmi náà lanu. Ìyá mi tó máa ń fi dandan lé e pé ẹni tó wá ka mítà iná gbọ́dọ̀ jẹun! Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnjiníà, ó ní kò sí wàhálà, ó mú òòlù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ń gbá ògiri, ó ń fetí sí i. Ó gun àkàsọ̀, ó ki orí bọ àjà, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri lókè níbẹ̀. Ó wo ibi tí bíìmù ti bá pílà pàdé. Ó yọjú sí kànga. Màámi dìde lórí àga, ó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì wo àmù mi."

"Màmá, àmù kọ́ ni mo bá wá o. Ògiri ni."

"Táyà ńkọ́? Nǹkan wà nínú wọn o. Wọ́n pọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín da omi ẹ̀ nù, Màmá. Ẹ̀fọn ò dáa."

"Ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbá ògiri. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, mo bá wọn nídìí kànga, Màámi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, ó ń fà á lọ síbi táyà. Bí wọ́n ṣe rí mi, Màámi dákẹ́. Ara fu mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti fura sí ẹni tó fẹ́ rajà, mo ti fura sí ayálégbé, mo ti fura sí ẹnjiníà láti Agbowa, ó wá kan ìyá tó bí mi lọ́mọ. Mo ń bi ara mi pé àdéhùn wo ló wà láàárín wọn tí kò yẹ kí n gbọ́.

Nígbà tó parí, ẹnjiníà nu ọwọ́, ó wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayálégbé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀.

"Wọ́n kọ́ ilé yìí dáadáa," ó ní. "Ìpìlẹ̀ rẹ̀ le. Ibi tó sán ní ilé ìdáná yẹn, àwọ̀ ògiri lásán ni, kò wọ inú. Páànù yẹn náà, irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ tà á. Kò sẹ́ni tó máa lè torí àbùkù kankan já owó rẹ̀ wálẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n máa sáré lọ, àwọn ẹbí mi ń dúró dè mí lọ́hùn-ún níbi ìdána ọmọ wa kan, èmi ni màá sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn."

Ìpè orí mọ́tò nìyẹn o. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo yíjú sí Màámi kí a lè jọ yọ̀, ni mo bá rí i pé ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Ẹ ò ní tì í pa?" ó bi ẹnjiníà.

"Kí ni mo fẹ́ ti ilé tó dáa pa fún, Màmá?"

"Pẹ̀lú gbogbo tanwíji yẹn?" Ó na ọwọ́ sí i. "Ó dáa. Sámọ́ǹsì mi dà?"

Ẹnjiníà wò mí. Èmi ń wo báàgì tó wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù láàárín ariwo ẹja wá padà sí mi létí, wolé-wolé, ẹ̀hẹ́n, wolé-wolé ni. Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá mi du ú. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti orín, àti ìró kan tó ká dáadáa, bí ẹni pé wọ́n lè dá a dúró mọ́jú.

"Màámi," mo ní, "kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní kóòtù?"

"Ṣé adájọ́ kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ ni?"

"Wọ́n máa ń bi í."

"Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe nìyẹn. Á bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Màá ní mo ní. Màá ní mi ò fẹ́ kúrò nínú ilé mi."

Ìgbálẹ̀ ayálégbé dúró. Ẹnjiníà rọra ń ti òòlù rẹ̀ bọ báàgì. Àánú Màámi ṣe mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí gan-an.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó dáa nígbà tí Bọ̀ọ̀dá pè yín?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò bi mí léèrè o," ó ní. "Ó sọ fún mi ni."

Ẹnjiníà kí wa pé ó dàbọ̀, ayálégbé sìn ín dé géètì, ó sì rọra gbé mínírà yẹn lé e lọ́wọ́. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àwọn agolo sí gọ́tà, mo yí àwọn táyà dànù, mo wá dé ìdí àmù. Mo ti gbá a mú tán kí n yí i, ni Màámi bá ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ìdérí rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, má tíì gbé e wá. Ọkùnrin tó ń yin igi àgbọn yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́ kó wá rí i."

"Ẹ̀yin náà ò gbà á gbọ́?"

"Ta ló bí ẹ?" ó bi mí.

Mo fi í sílẹ̀. Mo mú fóònù mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹnjiníà sọ. Mo ní ìyẹn á dúró ná. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bi Màámi. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ." Ó ní kí ló dé tí mo ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́. Mo ní kó ṣáà bi wọ́n, mo sì gbé fóònù lé Màámi létí.

Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló gbá apá àga mú, ó rọra dìde dúró ṣánṣán láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe dìde níwájú adájọ́ ní Ẹ̀pẹ́.

"Mo ní," ó ní. "Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

Orí kẹrosíìnì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ owó lápò, mo sì rán ayálégbé pé kó sáré lọ bá mi ra káàdì wá, èyí tó bá tóbi jù.